Màsíkárà oṣù mẹ́jọ, ìkuntè ọdún mẹ́ta: èwo ni kí n jù nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo tú àpò mékọ́ọ̀pù mi lánàá, mo wá rí i pé màsíkárà mi ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti ṣí i, ó sì ti ń gbẹ. Ìkuntè kan wà níbẹ̀ tó ti tó ọdún mẹ́ta, epo ń yọ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń làágùn. Àtíkè mi ń dán láàárín, bùrọ́ọ̀ṣì kì í mú un mọ́. Fandéṣọ̀n mi náà ti yà sí méjì nínú ìgò. Mi ò rí ọjọ́ ìparí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù ni? Owó ni mo fi rà wọ́n o.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Nínú nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀, màsíkárà nìkan ni ẹjọ́ rẹ̀ ti parí: ẹ jù ú nù lónìí. Àtíkè yẹn ò bàjẹ́ rárá, ojú rẹ̀ ló dọ̀tí. Ìkuntè àti fandéṣọ̀n ló kù tí a ó yẹ̀ wò.

Omi ló ń ṣe ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bakitéríà àti ohun tó ń mú nǹkan bu kò lè bí sí i níbi tí kò bá sí omi. Ìdí nìyẹn tí àtíkè gbígbẹ fi lè lo ọdún méjì láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, tí màsíkárà tí wọ́n fi omi, ìda àti àwọ̀ pò kò sì yẹ kó kọjá oṣù mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ máa ń fi apakòkòrò sínú ohunkóhun tó bá ní omi. Ọ̀kan tí ẹ ó rí lára ọ̀pọ̀ páálí ni phenoxyethanol, tí òfin Yúróòpù ní kò gbọ́dọ̀ ju 1% lọ nínú ọjà. Wọ́n ń wọn apakòkòrò yìí ni. Ó tó láti pa ìwọ̀nba kòkòrò tí ìka àti bùrọ́ọ̀ṣì bá ń kó wọ inú ìgò fún oṣù mélòó kan, kò tó láti máa pa wọ́n títí ayé. Bí agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù ni kòkòrò ń wọlé lójoojúmọ́, títí àwọn tó ń wọlé á fi pọ̀ ju ohun tó ń pa wọ́n lọ.

Epo ni ìkejì. Epo ò nílò kòkòrò kó tó bàjẹ́: atẹ́gùn, ooru àti ìmọ́lẹ̀ ti tó láti mú un kan. Epo tó ti kan kì í sábà fa àrùn, ṣùgbọ́n ó lè ta awọ ara, òórùn rẹ̀ á yí padà, àwọ̀ rẹ̀ náà á yí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé nǹkan kan dání tí ẹ ò mọ ohun tí ẹ ó ṣe sí i, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé omi wà nínú rẹ̀, àti pé ṣé ojú ló ń lọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, ọjọ́ rẹ̀ kúrú.

Ní ti ọjọ́ ìparí tí ẹ ò rí, ẹ tún ẹ̀yìn ìgò àti ìdí rẹ̀ wò lábẹ́ iná. Ẹ lè rí àwòrán kékeré kan, ìgò ìpara tí ìdérí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 6M, 12M tàbí 24M sí. M yẹn dúró fún oṣù. Iye oṣù tí ẹ lè fi lò ó nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Òfin Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1223/2009 ló fi àmì yìí lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ fún ọjà tó lè pẹ́ ju oṣù 30 lọ kí wọ́n tó ṣí i. Èyí tí kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan pàtó lára, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán agogo oníyanrìn. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin tó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìparí sára ohun ìṣaralóge, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè yí ìgò kan síwá sẹ́yìn láì rí nǹkan kan.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì níbẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dà pọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ìgò kì í ṣe ọjọ́ ìparí, àmì tí ilé iṣẹ́ fi ń dá ìpele tí wọ́n ṣe pa pọ̀ mọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, MFG ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, EXP ni ọjọ́ tó máa parí. Àwọn tó ń ka MFG bí ẹni ka EXP pọ̀, wọ́n á wá ju ohun tí kò tíì pé oṣù díẹ̀ nù. Níbi tí àmì kankan ò bá sí, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ìdí ìgò lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, òun nìkan ló sì máa ń dáhùn ìbéèrè yìí láìsí iyàn, torí kò sẹ́ni tó ń rántí ìgbà tí òun ṣí màsíkárà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí màsíkárà, torí òun ló léwu jù nínú àpò yẹn. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá lò ó. Bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á kan irun ìpéǹpéjú, níbi tí bakitéríà ń gbé ní tirẹ̀, á kó díẹ̀ nínú wọn, ẹ ó sì tì í padà sínú ihò tó ṣókùnkùn, tó lómi, tí kò gba atẹ́gùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, ó ti lé ní ìgbà 200. Bí ẹ bá tún jẹ́ ẹni tó máa ń ki bùrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀ lọ́nà bí ẹni ń fún táyà kẹ̀kẹ́ ní atẹ́gùn, ẹ ti fi kún un: atẹ́gùn tó ń wọlé á mú un gbẹ kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí bùrọ́ọ̀ṣì mú ju bó ṣe yẹ lọ. Yíyí ni kí ẹ máa yí bùrọ́ọ̀ṣì nínú ihò rẹ̀, ẹ má tì í bọ̀ kí ẹ fà á yọ.

Kí ló burú nínú gbígbẹ? Màsíkárà tó gbẹ máa ń já wẹ́wẹ́ sínú ojú. Wẹ́wẹ́ yẹn tàbí ẹnu bùrọ́ọ̀ṣì tó ti le lè ha awọ dídán tó bo iwájú ẹyinjú. Ibi tó ha yẹn ni ilẹ̀kùn. Bakitéríà kan wà tí ń jẹ́ Pseudomonas aeruginosa, tó fẹ́ràn ibi tó lómi. Bó bá rí ojú tó ti ha, ó lè dá egbò sílẹ̀ lórí ẹyinjú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó sì lè gba ìríran lọ́wọ́ èèyàn. Ojú lọba ara, mi ò ní fi owó màsíkárà kan wé e. Àwọn tó ń lo lẹ́ǹsì inú ojú ló yẹ kó ṣọ́ra jù: kí wọ́n fi lẹ́ǹsì sójú kí wọ́n tó kun màsíkárà, kí wọ́n sì yọ lẹ́ǹsì kí wọ́n tó nù ún kúrò.

Ẹ má bu omi sí màsíkárà tó gbẹ. Ẹ má tu itọ́ sí i. Omi á bu lu apakòkòrò tó kù nínú rẹ̀, á sọ ọ́ di aláìlágbára, itọ́ á sì gbé bakitéríà ẹnu wọlé. Gbígbé e sínú omi gbígbóná náà ò pa kòkòrò kankan, ó kàn ń mú ìda rẹ̀ rọ̀ ni. Kò sí ọ̀nà kankan téèyàn lè gbà fọ inú ihò màsíkárà nílé. Oṣù mẹ́ta ni, bí páálí bá tiẹ̀ kọ 6M sí i, oṣù mẹ́ta ni èmi á dúró lé fún ohun tó ń lọ sétí ojú lójoojúmọ́. Tìróò olómi tó ní bùrọ́ọ̀ṣì nínú ìdérí bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Tìróò oní-pẹ́ńsù yàtọ̀, ó lè lo ọdún kan sí méjì, nítorí pé gbígbẹ́ ẹnu rẹ̀ máa ń yọ ibi tó kan ojú kúrò. Ẹ gbẹ́ ẹ kí ẹ tó lò ó, ẹ nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú bébà ìnuwọ́ tó mọ́. Ṣápúnà náà ń fẹ́ ìmọ́tótó: sípírítì tí wọ́n fi ń nu ara kí wọ́n tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ 70% sí lára, ni kí ẹ fi nu abẹ rẹ̀. Ẹ má rò pé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀, bíi 95%, ló máa ṣiṣẹ́ jù. Omi tó wà nínú èyí tó jẹ́ 70% ló ń jẹ́ kó wọ inú kòkòrò, kó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó fẹ́ lọ.

Ó kan fandéṣọ̀n. Pé ó yà sí méjì kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ fandéṣọ̀n olómi, pàápàá èyí tó ní sílíkóònù, máa ń yà bó bá jókòó pẹ́, páálí tiẹ̀ lè kọ ọ́ pé kí ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó. Nítorí náà ẹ dé e dáadáa, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá kán bíńtín sórí bébà funfun tí kò dán. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá dúró ṣinṣin bí àwọ̀ kan ṣoṣo, tó fi òrùka epo fẹ́ẹ́rẹ́ yí ara rẹ̀ ká, kò sí wàhálà. Bí àwọ̀ bá dá dúró ní kóróbó-kóróbó láàárín, tí omi bá lọ tirẹ̀, ohun tó so omi àti epo pọ̀ ti já, gbígbọ̀n ò lè tún un so mọ́. Ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má gbóòórùn ẹnu ìgò, torí epo tó gbẹ síbẹ̀ lè tàn yín jẹ. Èyí tó wà lórí bébà ni kí ẹ gbé sún mọ́ imú. Òórùn kíkan, òórùn epo àtijọ́, tàbí òórùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, ọ̀kankan nínú wọn ti tó.

Nǹkan kan máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbí. Fandéṣọ̀n tó ń dúdú díẹ̀ lójú láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ kùn ún kò bàjẹ́. Omi tó ń gbẹ àti epo ojú yín tó ń wọ inú àwọ̀ ló fà á. Èyí tó ti yí àwọ̀ nínú ìgò, tó ti ń pọ́n tàbí tó ń yí sí àwọ̀ ọsàn, ni ìbẹ̀rù wà fún. Ìgò tó ní ọwọ́ ìtẹ̀ lè lo ọdún kan láìsí ìyọnu, nítorí pé ìka kì í dé inú rẹ̀. Ìgò ẹlẹ́nu-gbòòrò tí ẹ ń ti ìka bọ̀ lójoojúmọ́ lè má tó bẹ́ẹ̀: oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bí ẹ bá ń fi ṣíbí kékeré tó mọ́ bù ú sí ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ ti fi oṣù díẹ̀ kún un nìyẹn.

Ìkuntè tó ń làágùn ò fi bẹ́ẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ìda àti epo ni ìkuntè, kò ní omi púpọ̀ tàbí kò ní rárá. Bí ooru bá mú un, epo inú rẹ̀ máa ń sá jáde sójú ìda bí ìrì. Ẹ gbé e síbi tó tutù fún ọjọ́ kan, ẹ nu epo yẹn pẹ̀lú bébà ìnuwọ́. Bí kò bá rùn, bó bá sì kùn sẹ́nu dáadáa láìfi kóróbó sílẹ̀, ooru ló ṣe é, kì í ṣe ogbó. Àmọ́ ọdún mẹ́ta ti pọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni mo máa ń fún ìkuntè tí wọ́n ti ṣí. Ẹ tọ́ ọ wò ní ètè níwọ̀nba: ìkuntè tó ti kan máa ń korò díẹ̀, ètè á sì máa yún. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yọjú, ẹ jù ú nù.

Bó bá yege, ẹ lè fọ ojú rẹ̀ báyìí. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ìwọ̀n mìlímítà méjì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ ki ibi tó kù sínú sípírítì 70% fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tàbí kí ẹ fi fọ́n ọn títí á fi rin. Ẹ má nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ ní gbangba fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dé e. Èyí ń mú kòkòrò ojú rẹ̀ kúrò, kò lè sọ epo tó ti kan di tuntun. Ìkuntè olómi tó ní bùrọ́ọ̀ṣì nínú ìdérí ò ṣeé fọ̀ báyìí, ọjọ́ rẹ̀ kò sì ju oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lọ.

Àtíkè yín nìkan ló fún mi láyọ̀. Ibi tó ń dán yẹn, tó le bí ẹni kun táìlì, epo ojú yín ni. Bùrọ́ọ̀ṣì tàbí fóòmù ló ń gbé epo láti ojú wá sórí àtíkè, tí ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi di èèpo. Ẹ mú sẹ́lótéèpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń dán, ẹ fà á kúrò lójijì. Ẹ ó rí i tí èèpo fẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e, tí àtíkè tó rọ̀ á sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, bùrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fọ̀, àtíkè ò jẹ̀bi. Ohun méjì péré ló lè mú kí ẹ ju àtíkè gbígbẹ nù kó tó pé ọdún méjì: bí ẹ bá rí àmì tó dà bí òwú tàbí àmì dúdú tó bu lójú rẹ̀, tàbí bí ẹ bá ń fi bùrọ́ọ̀ṣì tútù lò ó. Lọ́jọ́ tí omi bá ti kàn án, kò ní àǹfààní gbígbẹ mọ́.

Ẹ ò béèrè nípa fóòmù, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Aston ní Birmingham yẹ ohun ìṣaralóge táwọn èèyàn ti ń lò wò. Nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló ní bakitéríà. Fóòmù tí wọ́n fi ń tẹ fandéṣọ̀n mọ́ ojú ló burú jù, torí 93% nínú wọn ni wọn ò fọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú tiyín, ẹ fi abẹ là á sí méjì nígbà tí ẹ bá fẹ́ jù ú nù. Òde rẹ̀ lè mọ́, kí inú rẹ̀ ní àmì dúdú wínníwínní bí ẹni da eruku èédú sí i. Ó ti bu nìyẹn.

Ẹ máa fọ̀ ọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá lò ó, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, ẹ máa fún un títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tó bá fọ fóòmù tán tó sì ti ìdérí pa á nígbà tó ṣì rin, ó sàn kó má fọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni kó pẹ́ jù. Bùrọ́ọ̀ṣì ẹ̀wẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dojú irun rẹ̀ kọ ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Bí omi bá wọ ibi irin tó di irun mú, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á yọ́, irun á sì máa já sójú yín.

Ohun tó bá ní SPF lára, ìyẹn àmì ààbò lọ́wọ́ oòrùn, ní òfin tirẹ̀. Èròjà tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn lè ti kú nínú ìgò nígbà tí òórùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ìkùnsí rẹ̀ ṣì dára. Ìyẹn ni pé ojú àti imú ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Bó bá ti sùn sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ẹ má tiẹ̀ dúró de ọjọ́ yẹn.

Lọ́fínńdà àti ọ̀dà èékánná ò ní ìyọnu púpọ̀. Ọtí inú lọ́fínńdà kì í jẹ́ kí kòkòrò gbé ibẹ̀, òórùn rẹ̀ nìkan ló lè yí padà. Ọ̀dà èékánná tó ti ki, èyí tó ń mú un ṣàn ló ti fẹ́ lọ.

Ẹ má kó àpò yín sí ilé ìwẹ̀. Ooru omi gbígbóná á máa wọ inú àtíkè ní gbogbo òwúrọ̀, ohun tí ẹ rà gẹ́gẹ́ bí gbígbẹ á sì di ohun tó lómi. Inú dúrọ́ọ̀ tí oòrùn kì í dé dára jù. Bó ṣe jẹ́ pé ẹ lè gbé ìpara tí kò ní apakòkòrò sí fíríìjì, èyí tí ẹ bá fúnra yín pò nílé pẹ̀lú omi kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó ì báà tutù tó yìnyín.

Nǹkan kan ló lè fagi lé gbogbo iye oṣù tí mo ti kọ sókè yìí: àìsàn. Bí apólò bá mú yín, màsíkárà, tìróò olómi, irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá àti ìpara ìpéǹpéjú tí ẹ lò lọ́sẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lọ, bí ẹ tilẹ̀ ṣí wọn lánàá. Bí kókó olómi bá yọ sí ètè yín tí ẹ sì fi ìkuntè kàn án tààrà, ìkuntè náà á bá a lọ. Ẹ dúró títí ara á fi yá pátápátá kí ẹ tó ṣí tuntun, tórí bí ẹ bá ṣí i ṣáájú, tuntun náà ti di àtijọ́.

Bí ojú bá ń dùn yín lẹ́yìn tí ẹ kun nǹkan kan, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ta á, tàbí tí ìríran bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má fi omi tútù ṣe é kí ẹ sùn lé e. Ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú ìgò tí ẹ lò dání, nítorí wọ́n lè yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò láti mọ kòkòrò tí wọ́n ń bá jà. Màsíkárà tí ẹ fẹ́ jù nù lónìí náà, ẹ má fún ọmọdé fi ṣeré. Ẹ fi bébà nu bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ ti ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ sọ ọ́ sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.